Ṣé kí n gba iṣẹ́ stéèjì ni àbí kí n lọ síwájú kámẹ́rà? Èsì mi sí àbúrò kan ní Àkúrẹ́

Ìbéèrè tó bi mí nìyí, mo gé e kúrú díẹ̀: "Ẹ káàárọ̀ sà. Ọmọ ọdún 24 ni mí, Àkúrẹ́ ni mò ń gbé, mo ti ń ṣe dírámà ní ṣọ́ọ̀ṣì láti kékeré. Ẹgbẹ́ kan ní kí n wá bá àwọn ṣeré orí ìtàgé fún oṣù mẹ́ta, owó wọn ò pọ̀ rárá. Ẹlòmíì ní kí n wá máa ṣe wàkápáàsì, ìyẹn ẹni tó kàn ń gba iwájú kámẹ́rà kọjá, lórí lokéṣọ̀n tí wọ́n ti ń ya fíìmù ní Ìbàdàn, ó ní ibẹ̀ lojú ti ń là. Màámi ní kí n má ṣe ìkankan nínú méjèèjì, wọ́n ní Baba Sala aláwàdà tó lókìkí tó yẹn náà, gbèsè ni tíátà fi san án. Ẹ jọ̀ọ́ sà, kí ni kí n ṣe?"

Àbúrò mi, o ṣeun tó o béèrè kó o tó ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ dá màmá ẹ lóhùn torí ọ̀rọ̀ tiwọn ló wúwo jù nínú gbogbo ohun tó o kọ yẹn, ìwọ ń sọ̀rọ̀ ojú tó máa là, àwọn ń ro ọjọ́ alẹ́ ẹ. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Baba Sala jẹ gbèsè, gbèsè ńlá, gbogbo àwa tá a wà nídìí iṣẹ́ yìí nígbà yẹn la mọ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó fà á ni wọn ò sọ fún màmá ẹ. Iṣẹ́ tíátà ló sọ ọ́ dèèyàn, ohun tó wá tì í sínú gbèsè ni pé iṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀, àwọn tí ò bá a ṣiṣẹ́ ọjọ́ kan ló ń tà á. Ọ̀rọ̀ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nìyẹn. Fara balẹ̀, màá ṣàlàyé ẹ̀.

Moses Ọláìyá Adéjùmọ̀ lorúkọ ẹ̀, Ìjẹ̀ṣà ni, 1936 ni wọ́n bí i, oṣù kẹwàá 2018 ló kú. Orin ló fi bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe eré. Ó ní ẹgbẹ́ olórin kan tó ń jẹ́ Federal Rhythm Dandies, inú ẹgbẹ́ yẹn ni Sunny Adé ti ta gìtá kó tó lọ dá tiẹ̀ sílẹ̀ tí gbogbo ayé wá mọ̀ ọ́n. Mo mẹ́nu ba orin yìí torí pé ohun tí àwọn ọmọ ìsinsìnyí ò kà sí nìyẹn. Ẹni tó bá ti bá ẹgbẹ́ olórin jókòó rí mọ ìgbà tó yẹ kóun dákẹ́. Tó o bá rí eré àtijọ́ Baba Sala, wá ibi tí wọ́n ti bi í ní ìbéèrè, kó o wo ohun tó ń ṣe kó tó dáhùn. Á wo ẹni náà, á wojú òde, á tún wo ẹni náà padà, èrò á ti máa rẹ́rìn-ín kó tó lanu rárá. Àwàdà ò sí nínú ọ̀rọ̀ nìkan, ó wà nínú ibi tó o ti dúró kó o tó sọ ọ́, olórin sì ló mọ irú ẹ̀.

Nígbà tó bọ́ sórí stéèjì, èèyàn kan ló dá sílẹ̀ pátápátá: bàbá arúgbó ahun, tó fẹ́ràn owó tó fẹ́ràn obìnrin, tí ò sì fẹ́ náwó lórí ìkankan nínú méjèèjì. Awò ojú ńlá, táì tó tóbi ju àyà lọ, aago ńlá tó so mọ́ra bí ẹní so aago ọwọ́, ṣòkòtò tó dà bíi pé ẹlòmíì ló ni ín. Ọmọdé tí ò tíì gbọ́ Yorùbá dáadáa á ti mọ̀ ọ́n láti òkèèrè. Aláwàdà ló pe ẹgbẹ́ ẹ̀. Bàbá kan náà yìí ló gbé lọ sí tẹlifíṣọ̀n Ìbàdàn, WNTV tí wọ́n ṣí ní 1959, òun náà ló tún gbé wọ sínìmá. Ibi tí kámẹ́rà bá a, ó ti parí iṣẹ́ lórí Baba Sala. Orí stéèjì ló ti mọ ìrìn tó yẹ ẹ́ àti bó ṣe yẹ kó káwó pọ̀, lójú àwọn èrò tó lè pa á lẹ́nu mọ́ nígbàkigbà.

Ìwọ ní dírámà ṣọ́ọ̀ṣì lo ti ń bọ̀, bíi pé nǹkan ìtìjú ni. Àbúrò mi, ibẹ̀ náà ni Ògúndé ti ń bọ̀. Hubert Ògúndé ọmọ Òsòsà lẹ́bàá Ìjẹ̀bú-Òde, ó ti ṣe tíṣà, ó ti ṣe ọlọ́pàá, ọdún 1944 ló kọ́kọ́ ṣe eré orin nípa ọgbà Édẹ́nì fún ìjọ kan ní Èbúté Mẹ́ta. Nígbà tó rí bí èrò ṣe ya bò ó, ó fi iṣẹ́ ọlọ́pàá sílẹ̀, 1945 ló dá ẹgbẹ́ tiẹ̀ sílẹ̀. Dúró Ládipọ̀ náà ńkọ́, ọmọ katikíìsì Áńgílíkà ni, orin ṣọ́ọ̀ṣì lòun náà ń ṣe ní Òṣogbo kó tó di pé ó wọṣọ Ṣàngó. Nígbà tó di 1964, ó ti kó ẹgbẹ́ ẹ̀ lọ sí Berlin ní Jámánì lọ ṣe Ọba Kò So. Yorùbá pọ́ńbélé, bàtá pọ́ńbélé, àwọn ará ibẹ̀ ò gbọ́ gbólóhùn kan níbẹ̀, wọ́n sì jókòó wò ó. Nítorí náà má tijú ṣọ́ọ̀ṣì. Ohun tó yẹ kó o bi ara ẹ ni pé kí ni wọ́n fi kún un lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì.

Ìrìn ni wọ́n fi kún un. Èmi tó ń bá ẹ sọ̀rọ̀ yìí, ọdún 1981 ni mo wọ ẹgbẹ́ kan n'Íbàdàn, àpótí aṣọ ni mo kọ́kọ́ ń gbé. A máa gbéra ní ìdájí nínú bọ́ọ̀sì tí wọ́n kọ orúkọ ẹgbẹ́ sí lára gbàgàdà, tá a bá dé ìlú, bọ́ọ̀sì kan náà á máa yí gbogbo àdúgbò ká lọ́sàn-án, ẹnì kan á máa fi gbohùngbohùn polongo pé alẹ́ òní ni, alẹ́ òní ni, gbọ̀ngán ìlú tàbí gbọ̀ngán ilé ìwé, nígbà míì òtẹ́ẹ̀lì. Àwọn tó kù á máa to stéèjì, wọ́n á so aṣọ ìkélé, wọ́n á tún ẹ̀ńjìnì iná ṣe tó bá kọ̀ láti ṣiṣẹ́. Tó bá dalẹ́, a óò bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú opening glee, orin àti ijó tí wọ́n fi ń kí àwọn èèyàn, lẹ́yìn ẹ̀ eré á wọlé, nígbà míì ilẹ̀ á ti fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ́ ká tó parí. Owó géètì alẹ́ yẹn la máa fi jẹun, òun náà la máa fi ra epo lọ sí ìlú tó kàn. Orí stéèjì yẹn kan náà la máa sùn sí. Mi ò sọ ọ́ kó o lè káàánú wa. Mo ń sọ ọ́ torí pé kò síbòmíì tí mo mọ̀ tí wọ́n ti lè fi ọdún méjì kọ́ èèyàn ní ohun tí wọ́n fi kọ́ wa níbẹ̀.

Kò sí ìwé eré lọ́wọ́ wa. Ọ̀gá á sọ ìtàn fún wa, á ní ìwọ ni baálẹ̀, ìwọ nìyàwó kejì, ibí lo máa wọlé, ohun tó yẹ kí wọ́n mọ̀ kó o tó jáde nìyí. Ọ̀rọ̀ tó o máa sọ, inú ara ẹ ló ti máa wá. Tó ò bá lówe, tó ò mọ oríkì, tó ò gbọ́ ẹ̀ka èdè míì yàtọ̀ sí tilé yín, ọ̀rọ̀ á tán lẹ́nu ẹ láàárín ìṣẹ́jú méjì, gbogbo ìlú á sì mọ̀. Tá a bá dé Èkìtì, àwàdà tó pa Ìbàdàn lẹ́rìn-ín á balẹ̀ wọ̀ọ̀ báyìí, o ní láti wá òmíì lójú ẹsẹ̀. Wọ́n máa ń dá wa lóhùn láti ìsàlẹ̀! Ìyá kan á pariwo pé "Má gbà fún un o, irọ́ ló ń pa!" o ní láti mọ bó o ṣe máa fi ọ̀rọ̀ ìyá yẹn wọ eré láìba eré jẹ́. Ìdí tó fi jẹ́ pé àwọn àgbà òṣèré tó o mọ̀, ká sọ pé bíi Lérè Pàímọ́ tó ti ọ̀dọ̀ Dúró Ládipọ̀ wá, tí wọ́n bá dúró níwájú kámẹ́rà tí dairẹ́kítọ̀ ní "bẹ̀rẹ̀", ọ̀rọ̀ á máa yọ lẹ́nu wọn bí omi nìyẹn. Wọn ò há a sórí. Ó ti wà níkùn wọn tipẹ́.

Ó yẹ kí n sọ òdìkejì fún ẹ o. Stéèjì máa ń kọ́ọ̀yàn ní ohun tí kámẹ́rà ò fẹ́. Lórí stéèjì, ẹni tó jókòó lẹ́yìn pátápátá gbọ́dọ̀ gbọ́ ẹ, nítorí náà o máa ju ohùn, o máa la apá, ojú ẹ á máa sọ̀rọ̀ fún èrò igba. Kámẹ́rà ò ju ìwọ̀n apá kan sí ẹ, ojú lásán tó o ṣẹ́ á ti di ìbínú, tó o bá wá ṣẹ́ ẹ bíi ti stéèjì, á di were. Mo ti rí i tí òṣèré àgbà gidi dé lokéṣọ̀n tó ń pariwo mọ́ ẹni tí kò jìnnà sí i. Ṣùgbọ́n gbọ́ mi dáadáa: ọ̀sẹ̀ méjì tó láti kọ́ bí wọ́n ṣe ń dín ohùn kù. Ẹni tí kò ní ohùn tẹ́lẹ̀, kí ló fẹ́ dín kù? Mo ti kọ́ àwọn ọmọ méjèèjì, àwọn tó ti stéèjì wá àtàwọn tó ti ìdí àwàdà kéékèèké orí fóònù (skíìtì) wá, àwọn ti stéèjì ló máa ń yára ṣàtúnṣe.

Ó yá, ọ̀rọ̀ gbèsè. Ọdún 1976 ni fíìmù Àjàní Ògún jáde, Ọlá Balógun ló ṣe é, Adéyẹmí Afọláyan tá a mọ̀ sí Adé Love ló ṣe olórí òṣèré, Dúró Ládipọ̀ náà wà níbẹ̀. Ìgbà yẹn làwọn elétíátà rí i pé àwọn tó ń wá wò wọ́n ní gbọ̀ngán máa wá wò wọ́n nínú sínìmá pẹ̀lú. Ògúndé tẹ̀ lé e, ó ṣe Ayé ní 1979. Baba Sala ṣe Ọ̀run Mooru ní 1982, Ọlá Balógun náà ló darí ẹ̀. Fíìmù gidi ni o, kì í ṣe fídíò, òkè òkun ni wọ́n ti ń fọ̀ ọ́, owó ńlá ló ń gbà, owó yẹn ò sì sí nílé, ó yá a ni. Ìrònú ẹ̀ dáa: wọ́n á gbé fíìmù àti projector, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbé fíìmù jáde fún èrò, kiri ìlú bí wọ́n ṣe ń gbé eré kiri, èrò á san géètì, gbèsè á kúrò ńlẹ̀, èrè á tẹ̀ lé e. Ògúndé ti ṣe é bẹ́ẹ̀, ó sì ti rí bẹ́ẹ̀.

Àmọ́ ìgbà yẹn gan-an ni ẹ̀rọ fídíò wọlé, gbogbo ilé tówó epo rọ̀bì dé ló ní ọ̀kan. Àwọn kan da fíìmù Baba Sala sínú kásẹ́ẹ̀tì fídíò, wọ́n ń tà á káàkiri. Ta ló máa lọ san géètì sí gbọ̀ngán nígbà tó wà ní pálọ̀ aládùúgbò ẹ̀? Ojú òpónà ni projector ṣì wà tí kásẹ́ẹ̀tì ti dé ìlú ṣáájú ẹ̀. Òfin tó yẹ kó dáàbò bo ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ ò lágbára, ti 1970 ni wọ́n ń lò, ìyà tó wà nínú ẹ̀ ò tó nǹkan lójú ẹni tó ń pa irú owó bẹ́ẹ̀, ọdún 1988 ni wọ́n tó ṣe òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ míì, ìgbà yẹn ẹ̀pa ò bóró mọ́. Gbèsè wá kù sí ọrùn bàbá náà. Inú máa ń bí mi títí dòní tí mo bá rántí pé àwọn tó rẹ́rìn-ín jù sí fíìmù yẹn ni kò san kọ́bọ̀ fún ẹni tó pa wọ́n lẹ́rìn-ín.

Sọ èyí fún màmá ẹ pẹ̀lú: kò jókòó. Ó ṣe Ààrẹ Àgbáyé ní 1983, òun àti Adé Love tún jọ ṣe Mọ́ṣebọ́látán, nígbà tí náírà wá já wálẹ̀ lẹ́yìn 1986 tí ẹnikẹ́ni ò lè ra fíìmù mọ́, ó bọ́ sórí fídíò bíi gbogbo èèyàn. Bàbá ahun yẹn kan náà, awò ojú yẹn kan náà. Kò sẹ́ni tó lè da ìyẹn sínú kásẹ́ẹ̀tì kó sì gbà á lọ́wọ́ ẹ̀.

Wo Ògúndé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Ògúndé ò fẹ́ kí ohunkóhun tó jẹ́ tiẹ̀ jìnnà sí ilé, ẹgbẹ́ tiẹ̀ ni, àwọn ìyàwó ẹ̀ ló ń ṣeré, àwọn ọmọ ń bá wọn ṣe é, ó tún kọ́ abúlé fíìmù sí Òsòsà. Kì í ṣe pé ayé dùn fún un o. Lọ́dún 1964 tó ṣe Yorùbá Ronú, ìjọba ìwọ̀ oòrùn fòfin dè é, kò gbọ́dọ̀ ṣeré lágbègbè wọn, àfìgbà tí àwọn ológun dé ní 1966 kí wọ́n tó tú u sílẹ̀. Nítorí pé òun ló ni ẹgbẹ́, ó kó wọn lọ síbòmíì, wọ́n ń jẹun. Ìrìn náà gba nǹkan lọ́wọ́ ẹ̀, ìjàǹbá mọ́tò ló pa ìyàwó ẹ̀ Adéṣẹ́wà ní 1970 nígbà tí wọ́n ń lọ ṣeré. Mi ò fẹ́ kẹ́nikẹ́ni sọ fún ẹ pé ọ̀nà yìí rọrùn.

Ìbẹ̀rù màmá ẹ náà kì í ṣe tuntun. Nígbà tí Ògúndé ń wá obìnrin tó máa bá a ṣeré láyé àwọn 1940, kò sí òbí tó gbà, ó wá polówó nínú ìwé ìròyìn pé akọ̀wé obìnrin lòun ń wá, ìgbà tí wọ́n dé ló tó ṣàlàyé. Nígbà tí àwọn òbí ṣì ń yọnu, ó bẹ̀rẹ̀ sí fẹ́ wọn. Bó ṣe rí nìyẹn. Àwọn òbí fẹ́ kí ọmọ níyì, elétíátà ò sì níyì lójú wọn nígbà náà, alágbe ni wọ́n kà á sí. Lónìí, ọmọ Adé Love ni Kúnlé Afọláyan tí fíìmù ẹ̀ wà lórí Netflix, ọmọ Ọ̀gá Bello ni Fẹ́mi Adébáyọ̀. Ilé tíátà alárìnkiri làwọn méjèèjì ti jáde.

Wàkápáàsì ńkọ́? Orúkọ ẹ̀ ti sọ ọ́, o máa kọjá ni. Wọ́n á ní kó o rìn láti ẹ̀yìn lọ sí iwájú, o lè dúró láti àárọ̀ dalẹ́ fún un, wọ́n á fún ẹ lówó mọ́tò tàbí kí wọ́n má fún ẹ. Mi ò bú u. Tó o bá ṣe é bíi lẹ́ẹ̀mẹ́ta, wàá mọ bí lokéṣọ̀n ṣe rí, ibi tí kámẹ́rà ń wò, bí wọ́n ṣe ń tún ibì kan náà ṣe lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, ta ló ń pàṣẹ. Lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀kẹta yẹn kò tún sí nǹkan tó kù láti kọ́. Àwọn kan ti ṣe é fún ọdún mẹ́fà, wọ́n ṣì ń dúró kí pródúsà kan bojú wẹ̀yìn rí wọn. Tẹ́nikẹ́ni bá sì ní kó o kọ́kọ́ sanwó fọ́ọ̀mù kó tó fún ẹ ní ipa, máa lọ ilé ẹ.

Gba iṣẹ́ stéèjì yẹn. Ṣùgbọ́n má kàn gbà á láìbéèrè ohunkóhun. Pe olórí ẹgbẹ́ náà, bá a sọ̀rọ̀ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, kí o bi í ní ìgbà mélòó lẹ máa ṣeré láàárín oṣù mẹ́ta, ìlú wo, ta ló ń gbọ́ bùkátà oúnjẹ àti mọ́tò, àti pé tí wọ́n bá ká eré náà sílẹ̀, kí ló máa ṣẹlẹ̀ sí fídíò ẹ̀. Ìbéèrè ìkẹyìn yẹn ni màmá ẹ ń bi láìmọ̀. Láyé ìsinsìnyí ẹnì kan á fi fóònù ká gbogbo eré, ó ti wà lórí YouTube kílẹ̀ tó mọ́, ìpolówó ń wọlé fún ẹni tó gbé e síbẹ̀. Kásẹ́ẹ̀tì Baba Sala náà ni, ó kàn pààrọ̀ aṣọ ni. Òfin ti wà báyìí tó lágbára ju ti ìgbà yẹn lọ, Copyright Act 2022, ó sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀tọ́ ẹni tó ṣeré gan-an, kì í ṣe ti ẹni tó náwó nìkan. Àmọ́ òfin ò lè bá ẹ wá ìwé tó ò kọ. Máàkẹ́tà kan tó ń ta fíìmù wà láyé àwọn 1990, mi ò ní dárúkọ ẹ̀, mo ṣiṣẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta fún un pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ẹnu lásán, fíìmù náà ta gan-an, mi ò rí kọ́bọ̀ gbà, nígbà tí mo bi í, ó ní níbo la ti kọ ọ́. Láti ọjọ́ yẹn, bó ṣe ojú ìwé kan ṣoṣo, màá kọ ọ́, màá ní ká jọ fọwọ́ sí i.

Iṣẹ́ míì tó ò sọ fún mi náà, má fi í sílẹ̀. Mi ò mọ iṣẹ́ tó o ń ṣe l'Ákùúrẹ́, bóo bá ń ránṣọ, bóo bá ń ta fóònù, ṣètò ẹ̀ mọ́ ọjọ́ eré. Oṣù mẹ́ta ni, kì í ṣe ayérayé, kó o ka iye tó máa wọlé àti iye tó máa jáde fún màmá ẹ lórí ìwé kí wọ́n rí i. Lẹ́yìn ẹ̀, sọ fún wọn kí wọ́n wá wò ẹ́ lálẹ́ àkọ́kọ́. Kí wọ́n jókòó níwájú.

Máa gbé ìwé kékeré kan dání, tẹ́ ẹ bá ti ṣeré tán lálẹ́, kó o tó sùn, kọ ibi tí èrò ti rẹ́rìn-ín tó ò rò pé wọ́n máa rẹ́rìn-ín, àti ibi tí wọ́n ti dákẹ́. Kọ orúkọ ìlú sí i. Tí oṣù mẹ́ta bá pé, fi ohun tó o kọ ránṣẹ́ sí mi, a óò jọ kà á, ibẹ̀ la ti máa mọ èèyàn wo lò ń dá sílẹ̀ lára ẹ, ká tó wá sọ̀rọ̀ kámẹ́rà.